Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ọmọbìnrin ń bímọ ní kékeré ju ti àtijọ́ lọ?

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ọmọ ilé ìwé girama kan bá lóyún, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Lónìí, wọ́n ní kò sí àdúgbò tí kò ti sí i, kò tiẹ̀ ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Àmọ́ wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé iye ọmọ tí àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ń bí ní Nàìjíríà ń lọ sílẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé: "Èwo la ó gbà gbọ́, ojú wa ni àbí rédíò? Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni, kí ló ń mú un lọ sílẹ̀?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Rédíò kò parọ́, ojú yín náà kò sì tàn yín. Ibi tí ìdínkù náà ti ṣẹlẹ̀ ló jìnnà sí Òṣogbo, àwọn ọmọbìnrin tó sì kàn kì í ṣe irú àwọn tí ẹ ń rí ládùúgbò. Bí a kò bá mọ èyí, gbogbo àríyànjiyàn tí à ń ṣe nípa rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí afẹ́fẹ́, ṣe la ó máa ná owó ọjà tí a kò rà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé iye náà síwájú yín. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n máa ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún mélòó kan síra, NDHS làwọn oníṣẹ́ ìlera ń pè é. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1990 fi hàn pé bí a bá kó 1,000 ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 19 jọ, ọmọ 146 ni wọn yóò bí láàárín ọdún kan. Nígbà tó fi di 2003, ó ti di 126. Ní 2008, 121. Ní 2013, 122. Ní 2018, 106. Wọ́n tún máa ń wo nǹkan kejì: nínú gbogbo ọmọbìnrin ọjọ́ orí yẹn, àwọn mélòó ló ti bímọ rí, tàbí tí oyún àkọ́kọ́ wà nínú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè? Ní 2003, 25 nínú 100 ni. Ní 2008 àti 2013, 23 ni, kò sún síwá, kò sún sẹ́yìn. Ní 2018 ó di 19, ìwádìí tó wáyé láàárín 2023 sí 2024 sì gbé e dé 15.

Nítorí náà, ó ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó kàn ń falẹ̀ ni, ó sì dúró gbagidi fún ọdún mẹ́wàá kan kó tó tún sún. N ó padà sórí ọdún mẹ́wàá yẹn.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rí iye yìí, torí ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí mọ̀ pé èsì ìdánwò kan kò lè dára ju bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò náà lọ. Obìnrin ni wọ́n ń rán sí obìnrin. Yóò jókòó tì í níbi tí etí kejì kò sí, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ọmọkùnrin mélòó lẹ bí tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, ọmọbìnrin mélòó? Mélòó ló ń gbé níbòmíràn? Ǹjẹ́ ẹ ti bí ọmọ kan rí tó ké, tàbí tó mira, àmọ́ tí kò yè? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe kókó, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá kì í fẹ́ dárúkọ ọmọ tó ti lọ bí a kò bá rọra bi wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, orúkọ, oṣù tí wọ́n bí i, ọdún tí wọ́n bí i. Inú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìwádìí ni wọ́n ti ń ṣírò iye tí mo kà yẹn.

Ibi tó ti máa ń mẹ́hẹ ni ọjọ́ orí ìyá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ọmọdébìnrin tó wà nílé ọkọ, tó gbé ọmọ pọ̀n, tó sì ń dáná lọ́wọ́, kì í jọ ọmọdé lójú ẹni. Bó bá ní òun kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, ó rọrùn kí wọ́n kọ 20 sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Fún ìdí èyí, mi ò ka ìyàtọ̀ 121 àti 122 sí nǹkan kan. Ìyàtọ̀ 146 sí 106 ni mo kà sí.

Wàyí o, ẹ wá wo ibi tí ìdínkù náà ti wá. Ní 2008, ní àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, ìyẹn Kano, Katsina, Sókótó àti àwọn ará ibẹ̀, 45 nínú 100 ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 ló ti bímọ tàbí tó lóyún. Lọ́dọ̀ tiwa ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, 9 péré ni. Ní 2013, tiwọn di 36, tiwa di 8. Ní 2018, tiwọn di 29, tiwa di 6. Ẹ rí i pé 16 ni tiwọn fi wálẹ̀, tí tiwa sì fi 3 péré wálẹ̀. Àríwá ni púpọ̀ nínú ìròyìn ayọ̀ tí rédíò ń kà ti wá, láwọn abúlé tí ẹni tó ń gbé Òṣogbo kò lè dé lójoojúmọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú yín kò ju kí mẹ́sàn-án di mẹ́fà. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn láàárín ìgboro.

Ẹ sì wò ó, àwọn ọmọbìnrin tó mú iye yẹn ga, ilé ọkọ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ní 2013, ó sún mọ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá lára gbogbo ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 ní Nàìjíríà tó ti wà lábẹ́ ọkọ. Wọ́n ti gbé e níyàwó, wọ́n ti ṣe ìnáwó, ẹbí ti gbàdúrà, ọmọ sì dé láàárín ọdún kan. Ta ni yóò pe ìyẹn ní ìṣòro? Kò sí olórí ilé ìwé tí yóò lé e, kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Èyí tó ń dùn wá, tí à ń wàásù lé lórí, tí à ń torí rẹ̀ sunkún, ni ti ọmọ ilé ìwé tó lóyún láìlọ́kọ. Ó tọ́ kó dùn wá. Àmọ́ nínú àpapọ̀ iye tí rédíò ń kà, apá kékeré ni.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ọdún 1957 ni àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ bímọ jù lọ ní ọjọ́ orí yìí, 96 nínú 1,000. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti relé ọkọ, nítorí náà kò sí ariwo. Ẹ̀yìn 1970, nígbà tí iye náà ti ń lọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ariwo gbalẹ̀ kan, nítorí pé àwọn tó ń bímọ láìlọ́kọ ló ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Lọ́dún 2022, kò tó 14 nínú 1,000 mọ́. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù àti ohun tó ń pọ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan.

Ìdí mìíràn tí ojú yín kò fi bá rédíò mu ni pé ẹ ń rí oyún, ọmọ tí wọ́n bí ni àwọn ń kà. Èyí ni mo fẹ́ sọ láìfi bò, Màmá. Oyún tí wọ́n ṣẹ́ kò sí nínú 106 yẹn. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, síbẹ̀ àwọn olùwádìí fojú bù ú pé ní 2012 nìkan, nǹkan bíi 1,250,000 ni wọ́n ṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, àgbà àti ọmọdé pọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kọ̀rọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí a ń yin ara wa pé mẹ́fà péré ni tiwa, ara mi kì í balẹ̀ pátápátá. Ọmọ tí wọn kò bí kò túmọ̀ sí pé ọmọbìnrin náà kò rí ìyà.

Kí ló wá ń mú un lọ sílẹ̀? Ilé ìwé ni. Mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ yín, àmọ́ kì í ṣe torí pé ẹ jẹ́ tíṣà ni mo ṣe sọ ọ́. Ní 2018, nínú àwọn ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 tí kò wọ ilé ìwé rárá, 44 nínú 100 ló ti bímọ tàbí tó lóyún. Àwọn tí kò kọjá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 23. Àwọn tó dé girama, 8. Àwọn tó ti kọjá girama, 1. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ìwádìí yẹn tó ya àwọn ọmọbìnrin sọ́tọ̀ síra báyìí, kódà ìlú ńlá àti abúlé kò yà wọ́n tó bẹ́ẹ̀: 8 ni ti ìlú ńlá, 27 ni ti abúlé.

Ẹ lè ní, ṣé ilé ìwé ló dá ìgbéyàwó dúró ni, àbí ìgbéyàwó ló yọ ọmọ kúrò nílé ìwé? Ìbéèrè gidi ni, méjèèjì ló sì ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Una Osili àti Bridget Terry Long, sí púpọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Wọ́n wo ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, nígbà tí owó kíkọ́ ilé ìwé dé àwọn ìpínlẹ̀ kan ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn ọmọ tí ètò náà bá lọ́jọ́ orí àtilọ ilé ìwé kò yàn án fúnra wọn, àkókò ìbí wọn àti ibi tí wọ́n bí wọn sí ló fà á. Wọ́n wá rí i pé bí ọmọbìnrin bá lo ọdún kan sí i nílé ìwé, iye ọmọ tí yóò bí kó tó pé ọdún 25 yóò fi 0.26 dínkù. Ká sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn: bí obìnrin mẹ́rin bá lo ọdún kan sí i nílé ìwé, ọmọ tí gbogbo wọn yóò bí kí wọ́n tó pé 25 yóò fi nǹkan bí ọ̀kan dínkù.

Èyí náà ló ṣàlàyé ìdí tí tiwa fi ti kéré tipẹ́. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọdún mọ́kànlélógún ṣáájú ti ìjọba àpapọ̀. Iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí 811,000 ní 1955. Nínú àwọn tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wà tí ìyá wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ló wá di ìyá tí kò gbà kí ọmọ tiwọn relé ọkọ láìgba ìwé mẹ́wàá. Ìran kan ló kó ìran kejì lọ sílé ìwé.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ojú ọmọdé ni gbogbo ayé fi ń wò ó. Bí ọkùnrin kan bá wá béèrè rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní ìdáhùn tí kò ní dójú ti ẹnikẹ́ni: ó ń lọ ilé ìwé lọ́wọ́. Ọjọ́ tí owó ilé ìwé bá tán, ọjọ́ náà ni ìdáhùn yẹn tán.

Mo ní n ó padà sórí ọdún mẹ́wàá tí iye náà fi dúró, láti 2003 sí 2013. Ní tèmi, ohun tó fà á ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 19 láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀yìn 1984 ni wọ́n bí púpọ̀ wọn. Wọ́n ń lọ ilé ìwé ní àsìkò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti fọ́ mọ́ ìjọba lọ́wọ́, tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé ní 1986, ti sọ owó ìyá àti bàbá di yẹpẹ, tí àwọn tíṣà ń ṣiṣẹ́ oṣù púpọ̀ láìrí owó oṣù. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìyà tí a fi jẹ ilé ìwé ní àsìkò kan, ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń jáde sínú iye ọmọ tí àwọn ọmọbìnrin ń bí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí nípa àwọn ọmọ tí wọ́n jí gbé ní Chibok ní 2014, ní Dapchi ní 2018, ní Jangebe ní 2021, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn tí àwọn òbí wọn gbọ́ ìròyìn yẹn tí wọ́n sì pinnu pé ilé ọkọ fọkàn balẹ̀ ju ilé ìwé lọ.

Ìfètòsọ́mọbíbí ńkọ́? Ipa rẹ̀ nínú ìdínkù yìí ṣì kéré lọ́dọ̀ wa, yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà níbi tó ti ṣe gudugudu méje. Ní 2018, obìnrin tó ti relé ọkọ tó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé kò ju 12 nínú 100 lọ, bí a bá sì ní ká mú àwọn ọ̀dọ́ nìkan, yóò tún kéré sí i. Nínú àwọn tí kò tíì lọ́kọ àmọ́ tí wọ́n ń bá ọkùnrin lò pọ̀, 28 nínú 100 ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Ìyẹn ni pé nínú ọmọbìnrin mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, méje ń fi ara wọn wewu. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin tó bá lọ sí ilé ìwòsàn lọ béèrè, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ọkọ rẹ dà.

Ó ku ohun kan tí rédíò kì í sọ. Ìdínkù nínú 1,000 kò túmọ̀ sí ìdínkù nínú iye àwọn ìyá kéékèèké. Ìkànìyàn ọdún 1991 kà wá sí mílíọ̀nù 89. Nígbà tó fi máa di 2018, a ti sún mọ́ 200 mílíọ̀nù. Ìwọ̀n ìbímọ wọn fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dínkù, àmọ́ àwọn ọmọbìnrin náà fúnra wọn ti ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, àwọn ọmọdébìnrin tó ń wọ yàrá ìgbẹ̀bí lọ́dún kan báyìí pọ̀ ju ti 1990 lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá sọ fún yín pé òun ń rí wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ló ń sọ.

Inú yàrá yẹn sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń di ọ̀ràn ẹ̀mí. Ọmọ ọdún 19 àti ọmọ ọdún 15 kì í ṣe ẹgbẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ kó wọn sínú iye kan ṣoṣo. Egungun ìbàdí ọmọ ọdún 15 kì í tíì gbòòrò tó. Ọmọ lè há sí i lójú ara fún ọjọ́ méjì, bí kò bá sì sí dókítà nítòsí, ara tó wà láàárín ilé ìtọ̀ àti ojú ara yóò kú, yóò sì dá ihò. Láti ọjọ́ náà, ìtọ̀ yóò máa dà lára rẹ̀ láìdúró, tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni ọkọ ti lé jáde, tí ẹbí ti yà sọ́tọ̀ nítorí òórùn, kí wọ́n tó gbọ́ pé ìwòsàn wà. Nígbà tí èsì ìwádìí tuntun bá tún jáde, ẹ máa bi àwọn tó ń kà á lórí rédíò pé mélòó ni ti ọmọ ọdún 15 sí 17 nínú rẹ̀, mélòó sì ni ti ìpínlẹ̀ tiwa.

Ní ti àwọn tí ẹ ń rí ládùúgbò, tí oyún ti dé sí lára, ẹ ṣì ní ohun tí ẹ lè ṣe fún wọn, torí ọ̀rọ̀ yín ní ìwúwo létí àwọn olórí ilé ìwé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní abala 15, sọ ọ́ kedere pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè padà sílé ìwé lẹ́yìn tó bá bímọ, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé di tiwọn. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ó wà. Ìtìjú ló ń mú kí wọ́n fi ọmọ náà sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ tí kò yàn, tàbí kí wọ́n fà á lé ọmọkùnrin tó fún un lóyún lọ́wọ́, oyún kejì yóò sì tẹ̀lé èkíní. Ẹ bá ìyá ọmọ náà lọ sí ilé ìwé kí oyún tó tóbi, kí ẹ bá ọ̀gá ilé ìwé ṣe àdéhùn ọjọ́ tí yóò padà, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa gbọ́mọ dání láàárọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á padà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ kejì.